Ìbú Ojú Irin

Aago mẹ́rin ìdájí ní Patna, iná ti lọ.
Damayanti fi gèlè tín-ín-rín bo iná fóònù,
ó ń ka orúkọ àwọn adágún bí ẹni ń ka gbèsè:
Báíkálì ló jìn jù. Kásípíà ló fẹ̀ jù.
Odò Luni ńkọ́? Odò Luni kì í dé òkun,
inú iyanrìn oníyọ̀ ló ń parẹ́ sí.
Ó fa ìlà pupa sábẹ́ ìyẹn. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnì kankan.

Yàrá kan, ọmọbìnrin mẹ́ta, bẹ́ẹ̀dì méjì.
Máàpù ayé ni wọ́n fi dí ibi tí ògiri ti lanu,
alángbá a sì máa yọrí láti inú Girinlándì.
Shabnam ń ka òfin ilẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ báàkẹ́tì omi
kí oorun má baà gbé e lọ.
Basanti ti ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún,
ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù kí ìjọba tó ti ilẹ̀kùn.
Kì í kàwé lóru mọ́. Aṣọ ni ó ń lọ̀,
aṣọ kan náà, lálaalẹ́.

“Olú ìlú Bọkina Fásò?”
“Wagadúgù.”
“Owó Nàìjíríà?”
“Náírà.”
Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tí kò rí wa rí
mọ orúkọ owó wa,
kò kàn mọ bó ṣe ń tètè tán lọ́wọ́ ni.

Bisheshar bàbá rẹ̀ ń ṣọ́ gééti
níbi tí ọ̀nà oko ti dábùú ojú irin,
ibi tí kò sí lórí máàpù ara ògiri.
Ó ń gbé igi sókè, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀,
ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ìwé mẹ́ta ló kà,
ṣùgbọ́n bí òkúta bá ti ń gbọ̀n, ó mọ ọkọ̀ tó ń bọ̀.
Nígbà tí ikun ṣì wà nímú ọmọ náà,
ó gé ọparun kan, ó gbé e dábùú irin méjèèjì.
“Èló ni?”
“Ẹgbẹ̀jọ mìlímítà ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.”
“Bó bá dín ńkọ́?”
“Ọkọ̀ á ṣubú.”
“Bó bá lé ńkọ́?”
“Ọkọ̀ á ṣubú.”
“Ó dáa. Lọ jẹun.”

Ọjọ́ ìdánwò, oòrùn ń yọ́ ọ̀dà títì.
Ẹ̀ṣọ́ obìnrin kan fi sísọ́ọ̀sì gé okùn pupa
tí ìyá rẹ̀ so mọ́ ọn lọ́wọ́, ó jù ú sínú páálí
tó ti kún fún okùn àwọn ìyá mìíràn.
Ìbéèrè ni ìbẹ̀rẹ̀ ìbẹ̀rù.
Ó ń lọ, ó ń lọ, títí ó fi kan ìkọkànlélọ́gọ́ta:
kí ni ìbú ojú irin ńlá ilẹ̀ Íńdíà?
Ìdáhùn mẹ́rin tò sílẹ̀, wọ́n jọra bí ìbejì méjì-méjì.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.
Ẹni tó bá ṣì í, wọn á yọ nínú èyí tó ti gbà.
Kò sì kà á nínú ìwé kankan,
kò sí nínú ìwé tó fi owó ewúrẹ́ rà,
olùkọ́ elékọ̀ọ́ alẹ́ kò dárúkọ rẹ̀.
Ọparun lásán! Bóyá Bàbá ṣì í gé.
Bóyá ọdún ti jẹ orí rẹ̀.
Ó fò ó.

Nírọ̀lẹ́ ó pe ilé.
“Kí ni wọ́n bi yín?”
“Bàbá, wọ́n bi wá ní nǹkan tí ẹ mọ̀…”
“Dúró ná, kí n ti gééti.”
Ó gbọ́ igi tó ń sọ̀ kalẹ̀, agogo kẹ̀kẹ́ ẹnì kan tó ń kánjú,
òkúta tó ń gbọ̀n,
lẹ́yìn náà ọkọ̀ ẹrù gígùn, gígùn, gígùn,
kò já bọ́ sọ́tùn-ún, kò já bọ́ sósì.

“Ẹ̀n-ẹ́n, o ń wí.”
“Mo fi àyè sílẹ̀, Bàbá.”
Bóyá ariwo ọkọ̀ ṣì wà létí rẹ̀.
“Àyè? Èló ni?”
Ó gbé e mì.
“Ẹgbẹ̀jọ ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.”
“Ó dáa,” ni bàbá wí. “Lọ jẹun.”