Ìka Méjì

Oníbàárà kan láti Alágbàká ló gbé e wá,
ó fà á ya kúrò lára kàlẹ́ńdà àtijọ́:
ọkùnrin kan nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó nawọ́ sókè,
ìbọn mẹ́jọ dojú kọ ọ́.
"Yà á kó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Pálọ̀ ni mo fẹ́ gbé e kọ́ sí.
Má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pupa ju àga mi lọ."

Mo fi rúlà fa ìlà lé e bí àwọ̀n,
mo ń kó ogun ogúnlọ́gọ̀ ọdún
lójú kan, lójú kan, wá sí Arákalẹ̀.

Bàbá Akíndùró tó ń ṣáàjì bátìrì yà wò mí.
Ẹ̀yìn àwọn ológun náà nìkan la rí,
ẹni tó kọ́kọ́ yà wọ́n ò fún wọn lójú.
"Ẹnìkẹta lápá òsì," ó ní,
"èjìká rẹ̀ ga jù.
Ẹni tí kò fẹ́ yìnbọn kì í gbé èjìká báyẹn."
Mi ò bi í bó ṣe mọ̀.
Ó padà sídìí bátìrì rẹ̀.

Mo rẹ èjìká náà sílẹ̀ ní ìka méjì.
Ó ku ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kùn ún lẹ́fun,
eruku títì ò jẹ́ kó funfun.