Ìṣẹ́jú Márùn-ún

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n kọ sára pátákó,
ọ̀dà pupa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà fóònù ajẹ́ǹtì:
"Yàrá àti pálọ̀, Ògíjó. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí títì."
Mo gbà á gbọ́. Mo san owó ọdún méjì.
Ẹsẹ̀ ta ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, n kò bèèrè.

Ẹsẹ̀ tèmi, ogójì ìṣẹ́jú ni.
Bójò bá rọ̀, ó di wákàtí kan,
bàtà lọ́wọ́, ẹrẹ̀ dé orúnkún,
tọ́ọ̀ṣì láàárín eyín bí ọdẹ tó ń wá òkété.
Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo ń ti ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́,
kí Ṣíjúadé má baà jí.
Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo ń ṣí i,
á ti sùn.
Ọdún mẹ́ta ni mo fi mọ ọmọ mi nípa èémí rẹ̀,
nípa bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń gùn sí i lórí ẹní.
Ìyá Kọ́lápọ̀ yàrá kejì ló ń pè ní Màámi.
N kì í bínú. Ta ni ǹ bá bínú sí?
Owó tí n kò san fún onílé,
ẹsẹ̀ mi ló ń san án díẹ̀díẹ̀.

Lọ́dún kẹrin, katakata dé.
Ó la inú oko ẹ̀gẹ́ Bàbá Ọ̀rẹ́núgà kọjá,
wọ́n da ọ̀dà, wọ́n ri òpó irin kan mọ́lẹ̀
níwájú ilé wa gan-an,
wọ́n ní ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì yóò ti máa dúró.
Àwàdà la pè é.
Lọ́jọ́ Ajé kan, ó dúró.
Ilẹ̀kùn rẹ̀ mí, fúúù, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.
Èmi náà mí.

Mo délé lọ́jọ́ náà, oòrùn ṣì wà.
Ṣíjúadé ń ṣeré lójúde, ó wò mí bí àlejò.
Mo rí àpá kan lókè ojú rẹ̀ ọ̀tún.
"Ìgbà wo lèyí?"
"Ó ti pẹ́," ló wí, ó ń bá eré rẹ̀ lọ.

Oṣù méje gbáko ni mo fi jayé.
Mo mọ orúkọ tíṣà rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò fẹ́ràn ilá.
Mo gbin ewúro mẹ́ta sẹ́yìnkùlé.
Ó yẹ kí n ti fura
nígbà tí àwọn ọkùnrin oníbàtà dídán ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì,
tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni wá,
tí wọ́n kàn ń ka ìṣísẹ̀ láti ìdí òpó dé ẹnu ọ̀nà wa:
ọgbọ̀n, ọ̀kànlélọ́gbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n.
Ìṣísẹ̀ kan dín, owó lé.

Páànù tó ń jò ṣì ń jò.
Balùwẹ̀ kan náà ni ìdílé márùn-ún ń lò.
Owó ilé fò sókè ní ìlọ́po mẹ́ta.
Bàbá Ọ̀rẹ́núgà fúnra rẹ̀ ló wá sọ, kò lè wò mí lójú:
"Ìyá Ṣíjú, kì í ṣe èmi. Òpó yẹn ni."

A kó lọ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta.
Pátákó kan wà níbẹ̀, ọ̀dà pupa:
"Ìṣẹ́jú márùn-ún sí ìbùdókọ̀."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo san owó ọdún kan.
Wọ́n ti da kọnkéré lé ewúro mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ìdájí,
mo rí iná kan níwájú mi lójú ọ̀nà, ó ń gbọ̀n.
Bàbá Ọ̀rẹ́núgà ni, tọ̀un tọ̀pá.
Àwọn ọmọ ní kó ta ilé nígbà tọ́jà gbóná. Wọ́n pín in.
Èyí tó kàn án kò ra yàrá kan nítòsí òpó.
Ó ń lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ṣágámù.
Mo gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. A ò sọ̀rọ̀ ilé.
Nígbà tó yá, ó dúró, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí:
"Ìyá Ṣíjú, ó ku ìṣẹ́jú mélòó?"
Mo wo iwájú. Òkùnkùn biribiri.
"Márùn-ún, Bàbá," ni mo wí.