Ìgò Abẹ́ Ibùsùn

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tọ́jú ojú irin ní Sábẹ̀ẹ́,
mo ń fi òòlù kàn án, mo ń gbọ́ bó ṣe ń dáhùn.
Koríko ti bò ó báyìí.
Èmi náà, ẹ má bi mí.

Odúnlámì ta ìgò kan fún mi:
egbò igi pupa, orógbó, atalẹ̀,
ẹgbẹ̀rún méjì sẹ́fà.
"Bàbá, tó bá dijọ́ kẹta, ẹ ó máa sáré."
Lóòótọ́, mo sáré:
ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo sá dé.

Awẹ̀ró rí ìgò náà. Kò pariwo.
Ó gbóòórùn rẹ̀, ó yínmú,
ó dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀
(ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ti yọ ọmọ mẹ́rin).
"Ṣé èmi ni mo fẹjọ́ yín sùn?"

Ó gba ṣódàbí lọ́wọ́ mi,
ó ń rẹ òfio fún mi,
ó ní kí n tètè máa sùn,
kí a jọ máa rìn dé ẹsẹ̀ òkè láàárọ̀.
Mi ò mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Lánàá, lórí àpáta, ó gbórí lé mi léjìká,
ó ń ka àwọn ọmọ-ọmọ wa ní Kútọnù;
oorun gbé e lọ kó tó kan ìkarùn-ún.
Ẹsẹ̀ mi kú.
Mi ò mira.