Ta Ní Ń Jogún Àgọ́?

Ìgbà kẹtàlá rèé tí mo wọ kóòtù Àgbádárìgì,
bàtà kan náà, àpò kan náà,
àgbọn gbígbẹ nínú rẹ̀ fún ọ̀sán.
Adájọ́ ò wá. Iná lọ. Lọ́yà Sẹ́wànù ń ṣàìsàn.
Mo ti mọ gbogbo oṣù tí wọ́n lè sún ẹjọ́ sí.

Lónìí, gbogbo wọn pé.
“Ìyá, ta ló fún yín nílẹ̀?”
Baálẹ̀ Hunsùnù ni.
“Ìwé dà?”

Mo ní: lọ́dún tí wọ́n ń fi okùn mú ọkùnrin ní Ìtakété
lọ fọ́ òkúta sójú ọ̀nà Faransé,
Ọdẹ́dínà, bàbá ìyá mi, da omi síná ààrò rẹ̀.
Ó mú ewúrẹ́ méjì, ọkọ́ tí kò ní erú,
àti ìyàwó tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù,
wọ́n forí lé ìhà òkun lóru.
Inú igbó lobìnrin náà ti rọbí,
igbó tí òyìnbó méjì ti fi rúlà là sí méjì
lórí tábìlì, nílùú tí òjò wa kì í dé.
Ibẹ̀ ni ìyá mi balẹ̀ sí. Wọ́n sọ ọ́ ní Abíọ́nà.
Apá ibo nínú ìlà náà?
Kò sẹ́ni tó mú àtùpà dání.

Hunsùnù ò wo ojú wọn, ẹsẹ̀ wọn ló wò.
Ẹsẹ̀ wú. Ó ní, “Mì wá.”
Wọn ò gbọ́ Ègùn nígbà náà,
omi inú igbá ló ṣe ògbufọ̀.
Ó nawọ́ láti ìdí ọ̀pẹ títí dé etí àbàtà,
wọ́n gbin pèrègún mẹ́rin, wọ́n jọ lá iyọ̀.
Iyọ̀ nìwé wa, Olúwa mi,
ó sì ti yọ́ lẹ́nu gbogbo ẹni tó lá a.

“Ẹ bá wa kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò síwèé.”

Mo ní, ó wà o. Ẹyọ kan.
Mo tú agolo Mílò, mo yọ rísíìtì owó-orí,
ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan.
Akọ̀wé kóòtù yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn,
ó tún dorí rẹ̀ kodò.
Lọ́yà kékeré kan tó kàwé ní Kútọnu ló bá wa kà á:
ó san ti ara rẹ̀, ti ìyàwó kan, ti ewúrẹ́ méjì.
Inú mi dùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́
orúkọ Ọdẹ́dínà lẹ́nu àlejò.

Lọ́yà Sẹ́wànù fò dìde:
“Ẹ ò rí i! Faransé ló ń gbowó-orí wọn!
Àgọ́ Ìtakété labúlé wọn ń jẹ́ títí dòní.
Àgọ́! Ta ní ń jogún àgọ́?”

Mo wo Sẹ́wànù.
Àpá orúnkún rẹ̀ yẹn, ìdí àgbọn wa ló ti gbà á,
Abíọ́nà ló fi epo pa á, tó gbé e relé.
Kò lè wo ojú mi. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò.
Níbẹ̀ nìkan ló ti jọ baba ńlá rẹ̀.

Adájọ́ ní òun fúnra òun yóò wá fojú rí ilẹ̀
lẹ́yìn ọjọ́ ìsinmi wọn.
Kí ló kù tí yóò rí?
Àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí ti ri òpó bíkìn
sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ìyá mi nínú ibojì.
Katakata ti wú pèrègún mẹ́ta,
ó gé ẹ̀kẹrin mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá,
mo rí i láàárọ̀ àná, ó rúwé méjì,
ó kéré, kò tíì tó ìka ọmọdé.
N ò sọ fún lọ́yà mi.
Mo fi apẹ̀rẹ̀ bò ó, torí àwọn ewúrẹ́:
àrọ́mọdọ́mọ méjì ọjọ́sí ni wọ́n,
wọn ò mọ ẹjọ́.