Írésà

Ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì, kí n tó dáhùn ìkíni ẹnikẹ́ni,
mo na agolo mílíìkì sí wọn:
ẹ kó írésà yín síhìn-ín.
Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n bọ́ bàtà nínú ẹ̀gún.
Èyí tó pupa, èyí tó rí bí ẹja,
èyí tí eyín ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tán,
pó, pó, pó, nínú agolo.
Mo dé e. Mo jókòó tì í.

Ọdún méjìlélógún ni mo fi bírò pupa
wọ́ ìwé ọmọ ọlọ́mọ nílẹ̀.
Ẹ má bi mí léèrè ohun tí mo ń fi agolo wá.

Sátidé ni, nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn.
Òkè-Ẹlẹ́rìn, Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́yìn òjò òru:
máńgòrò ti tán lórí igi, ewé rẹ̀ ṣì ń kán omi
sórí páànù tó ti lu.
Ọmọ mọ́kàndínlógún, bẹ́ǹṣì mẹ́fà.
Mo fi àwọn ọlọ́dún mẹ́fà síwájú;
àwọn tí irùngbọ̀n ń yọ́ hù lára wọn
ti sá lọ sẹ́yìn kí n tó sọ̀rọ̀.

Níníọlá kò tíì mọ̀wé kọ. Ó ń sọ, mò ń kọ:
"Òṣùpá jábọ́ sínú kànga ìyá àgbà.
Wọ́n fi garawa fà á jáde. Ó tutù.
A gbé e sábẹ́ ibùsùn."
Mo ní, lẹ́yìn náà ńkọ́?
Ó wò mí bí ẹni tí kò gbédè:
"Lẹ́yìn náà, a sùn."

Irọ́ ni ti àwọn ọlọ́dún mẹ́wàá, irọ́ tó sanra.
Rafíù pa ejò olórí méje lójú ewé kìíní,
ó jí i dìde lójú ewé kejì
nítorí pé ó wù ú kó tún un pa.
Ìbídùnní kọ lẹ́tà sí eyín rẹ̀ tó ká:
"Bóo bá ti dé orí òrùlé,
bá mi wò ó bóyá bọ́ọ̀lù wa wà níbẹ̀."
Bí a ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ewúrẹ́ kan wọlé,
ó fa ìwé Rafíù já, ó ń jẹ ẹ́.
Mo rò pé yóò bú sẹ́kún. Ó fò sókè:
"Àǹtí, ó ti dé ibi tí ejò wà!"

Ọlátẹ́jú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.
Ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ọ̀kadà.
Àbúrò rẹ̀ ló sìn wá; ó ní òun kàn ń dúró dè é ni.
Ṣùgbọ́n ó gba pẹ́ńsùlù.
Ó kọ ìlà kan, ó tọwọ́ bàpò, ó rántí agolo.
Ó tutọ́ sí ìka, ó ń ra ìwé náà, ó ń ra á,
epo ẹ́ńjìnnì inú èékánná rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀,
títí ìwé fi lu.
Mo ka ohun tó ṣẹ́ kù létí ihò:
*Bàbá mi ní òun ń bọ̀ lọ́la. Ọ̀la yẹn*

N kò bi í ní nǹkan kan.
Níníọlá ló rìn lọ bá a,
ó ki ìka bọ ihò náà:
"Kí ló jábọ́ síbí?"
Ọlátẹ́jú ronú díẹ̀. "Òṣùpá."
"Irọ́ ni. Ó wà lábẹ́ ibùsùn wa."
"Ó dáa," ni bọ̀bọ́ wí,
ó sì fa ìwé mìíràn yọ.

Nígbà tí oòrùn kàn wá lórí, mo ṣí agolo.
Wọ́n ya bò ó, wọ́n jà, Rafíù mú méjì.
Mo gbálẹ̀, mo ti fèrèsé.
Ewúrẹ́ yẹn ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà,
ó ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́, ó ń wojú mi
bí ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí ìtàn náà parí sí.