Àsálà

Ìdí-Àràbà ni mo ti ń nulẹ̀,
ní yàrá tí wọ́n ti ń ya fọ́tò inú orí.
Ìdájí ọjọ́ kan, wọ́n gbàgbé, wọn ò pa kọ̀ǹpútà.
Mo gbójú sókè lára mọ́ọ̀pù, mo rí i:
ohun kan bí àsálà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa,
ó ká kò, ó wé mọ́ra, ó là sí méjì,
ó ń funfun nínú òkùnkùn.
"Ọpọlọ ni, Ìyá," Dókítà Fìjàbí ló sọ ọ́ lẹ́yìn mi.
"Ti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá."

Ọdún mẹ́rìnlá ni Mùtíù tèmi.
Ó wà ní Bàrígà, lórí ẹní kan náà pẹ̀lú àbúrò mẹ́ta.

Dókítà nàka sí iwájú orí nínú àwòrán:
"Ibí yìí la fi ń rò ó ká tó ṣe é.
Ilé tí wọ́n ṣì ń kọ́ ni.
Ó lè tó ọdún márùndínlọ́gbọ̀n kí wọ́n tó kan òrùlé rẹ̀."
Mo ní, "Kí ni wọ́n fi ń kọ́ ọ?"
Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.
"Oorun. Oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ tí à ń bá a sọ. Ìfọ̀kànbalẹ̀."

Mo kà á sórí ìka
bí ẹni ń ka owó tó mọ̀ pé kò pé.

Oorun kẹ̀? Jẹnẹrétọ̀ oníyìnyín
ń bú ramúramù lẹ́yìn fèrèsé wa mọ́jú.
Oúnjẹ: gààrí, ẹ̀pà mẹ́wàá-mẹ́wàá,
ọwọ́ mi yìí ni mo fi kà á.
Ọ̀rọ̀... "Ṣé o ti pọnmi?" "Àbúrò rẹ ńkọ́?"
Ìyẹn lọ̀rọ̀ wa láti Mọ́ńdè dé Sátidé.
Ti ìkẹrin ni mi ò fẹ́ sọ.

Ọmọ yìí mọ ìró sílípáàsì lánlọ́ọ̀dù.
Tó bá ti ń wọ́ bọ̀ ní kọ́ríídọ̀,
Mùtíù á paná, á fọwọ́ bo àbúrò rẹ̀ lẹ́nu,
ìṣirò á dúró lójú ìwé ní ìdajì.
Tíṣà kọ ọ́ sínú káàdì pé kì í fọkàn sí nǹkan.
Kì í fọkàn sí nǹkan!
Ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣe ọdẹ alẹ́ fún odidi ilé.
Orí tó ń fi gbogbo òru sá àsálà,
ìgbà wo ni yóò ráyè gbó bí àsálà?

Mo ti fọṣọ rí ní Ìkòyí.
Ajá ọmọ ibẹ̀ kú. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í,
ó ń bi í léèrè, ó ń dá a lóhùn,
wákàtí kan gbáko, èmi ń lọ aṣọ ní tèmi.
Mi ò jowú ajá, mi ò jowú ilé.
Wákàtí yẹn ni mo ṣì ń jowú dòní.

Wọ́n ní àkúnlẹ̀yàn ni.
Ta ló kúnlẹ̀ nínú wa tó yan ariwo jẹnẹrétọ̀?

"Ṣé tiẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn?" ni mo bi dókítà.
"Rárá o. Fọ́tò ò mọ ẹni tí ọmọ máa dà.
Ilé tí wọ́n ṣì ń kọ́, ó ṣì ń gba bíríkì."

Mo ra àsálà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ní Fadéyí.
Mùtíù pa kan, ó wò ó lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì:
"Màámi, ó jọ nǹkan."
"Kí ló jọ?"
Ó ronú. Mo jẹ́ kó ronú.
Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: máàpù ọ̀sà, àtẹ́lẹwọ́ ìyá àgbà...
Ohùn rẹ̀ ti ki. Mi ò mọ ọjọ́ tó ki.

Ìgbà náà ni sílípáàsì wọ́ ní kọ́ríídọ̀.
Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi tọ́ọ̀ṣì. Mo dì í mú.
"Máa sọ̀rọ̀ rẹ lọ," mo ní, "àbúrò rẹ ń gbọ́."
Mo dìde. Owó ilé ò tíì pé.
Mo jáde lọ bá a,
mo sì fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn mi.