Wáyà Ọkọ̀

Ní Winnipeg, bí oṣù kìn-ín-ní bá ti ń gé ènìyàn létí jẹ,
ọkọ̀ kì í sùn lásán.
A ó na wáyà láti imú rẹ̀ dé ara ògiri,
kí iná lè máa pa inú rẹ̀ mọ́ ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.
Èyí tí o bá gbàgbé wáyà rẹ̀ lálẹ́,
bí o bá fi kọ́kọ́rọ́ kí i láàárọ̀,
ikọ́ ni yóò fi dá ọ lóhùn.

Èmi Gbọ́lágadé mọ èyí.
Èmi ni mo máa ń bi wọ́n: "Ṣé o ti fi wáyà sí i?"
Mo bi Delphine, mo bi Arvinder,
mo bi Ọ̀jẹ̀níyì, ọmọ Ìsẹ́yìn tó dé lọ́dún tó kọjá,
tó ṣì ń ki ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta bọ inú bàtà kan.

Katakata mẹ́rìnlá ló wà lábẹ́ àṣẹ mi.
Bí yìnyín bá bọ́, èmi ni mo ń jókòó ti rédíò,
tí mo ń pín òpópónà bí ẹni ń pín ẹran iléyá:
ìwọ gba Selkirk, ìwọ gba McGregor,
ìwọ, má jẹ́ kí ọ̀nà ilé ìwòsàn ó dí.
Bí wákàtí ẹnikẹ́ni bá pé, mo máa ń lé e sọ̀kalẹ̀:
"Lọ sùn. Irin kò mọ ẹni tí oorun ń kùn."

Ẹni tó ní òun yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò.
Oorun ni mo ń dá fún wọn ní ìgàn-ìgàn;
ọrùn tèmi wà níhòòhò.
Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi wà nínú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ ìwé owó epo,
n kò fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ Ẹtì.
Oúnjẹ mi: bisikíìtì, kọfí, bisikíìtì.
Ìyàwó mi pè. Mo ní, "Ó ku díẹ̀."
Ó ní, "Díẹ̀ tìrẹ yìí ti hu irùngbọ̀n."

Òru kẹta, agogo mẹ́rin ààbọ̀,
mo gbọ́ ohùn ara mi lórí rédíò
tó ń rán katakata méjì lọ sí McGregor,
tí kò rán ẹnì kankan sí ọ̀nà ilé ìwòsàn.
Ó sì dá mi lójú.
Ọkọ̀ aláìsàn kan rì sínú yìnyín dé ìdí táyà,
ìṣẹ́jú mọ́kànlá,
iná orí rẹ̀ ń yí, pupa, funfun, pupa,
kí Delphine tó ṣẹ́rí padà láìgba àṣẹ, tó lọ la ọ̀nà fún un.
Aláìsàn náà yè.
Ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Delphine kò bú mi. Ó wọlé, omi yìnyín ń kán lára rẹ̀,
obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún
tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń rìn létí odò yìí kí ìlú tó wà.
Ó wo ojú mi. Ó wo ife kọfí. Ó wo dúrọ́ọ̀ tó ṣí sílẹ̀.
Ó ní, "Ọ̀gá, ta ló fi wáyà tìrẹ sí ògiri?"

Mo fẹ́ fèsì.
Ikọ́ ló jáde.

Nísinsìnyí, bí agogo mẹ́wàá alẹ́ bá lù,
mo ń fa rédíò lé Arvinder lọ́wọ́.
Mo ti rò pé bí mo bá sùn, ìlú yóò dì.
Ìlú kò dì.
Kí n má purọ́, ìyẹn dùn mí díẹ̀.

Lálẹ́ àná, Ọ̀jẹ̀níyì fi iṣẹ́ ránṣẹ́: yìnyín tún ti ń bọ́.
Mo gbé oògùn mi mì.
Mo jáde lọ na wáyà ọkọ̀, mo dúró tì í
títí mo fi gbọ́ tí inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.
Lẹ́yìn náà mo wọlé, mo paná,
mo fi ẹsẹ̀ tútù mi kan ti ìyàwó mi.
Ó kígbe. Kò yẹ̀ ẹ́.